Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Olùtọ́jú Lẹ́tà Bertrand Russell: Ẹ Má Kó Àwọn Tí Kò Lókìkí Pọ̀ Sínú Páálí Kan

Ẹ̀yin olùtọ́jú Àkójọ Ìwé Bertrand Russell,
Yunifásítì McMaster,
Hamilton, Ontario, Kánádà.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú àfaradà. Iṣẹ́ tí kì í hàn sójú ayé lẹ ń ṣe: kéèyàn mú lẹ́tà kan, kó kà á, kó kọ orúkọ ẹni tó kọ ọ́ àti ti ẹni tó kọ ọ́ sí, ọjọ́ tó kọ ọ́, ibi tó ti kọ ọ́, bóyá ọwọ́ ló fi kọ ọ́ ni àbí tàípùráítà ló fi tẹ̀ ẹ́, kó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ ní gbólóhùn kan tàbí méjì, kó dá a padà sínú fáìlì, kó tún mú òmíràn. Kátálọ́ọ̀gì yín tí ẹ ń pè ní BRACERS ti lé ní 130,000 àkọsílẹ̀. Ẹni tí kò bá ṣe iṣẹ́ ilé ìkówèésí rí lè rò pé kọ̀ǹpútà ló ń dá a ṣe. Ojú àti ọrùn ọmọ ènìyàn ni o.

Èdè Yorùbá ni mo fi kọ ọ́, nítorí mo fẹ́ kí àwọn ará ilé bá wa gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ẹ ó rí ẹni túmọ̀ rẹ̀ fún yín.

Fún àwọn ará ilé: Russell ni ọmọ ọlọ́lá Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n bí ní Wales ní ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún ọdún 1872, tí bàbá rẹ̀ àgbà ṣe olórí ìjọba ní ilẹ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì. Ìmọ̀ ìṣirò ló kọ́kọ́ mú lọ́kùn-únkúndùn, ó bọ́ sí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò, ó gba ẹ̀bùn Nobel fún ìwé kíkọ ní 1950, ó sì lo ogún ọdún tó kẹ́yìn ayé rẹ̀ láti máa bá àwọn ìjọba jà lórí bọ́ǹbù átọ́míìkì. Ó kú ní ọjọ́ 2 oṣù Kejì ọdún 1970, ó ku oṣù díẹ̀ kó pé ẹni ọdún 98. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló fi ń kọ lẹ́tà. Ó kọ sí ìyàwó, ó kọ sí àlè, ó kọ sí ààrẹ orílẹ̀-èdè, ó sì kọ sí ẹni tó kàn béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá Ọlọ́run wà.

Ọ̀rọ̀ tí mo bá wá kò gùn. Mo ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe jẹ́ kí owó tó ń tán, tàbí ọ̀gá tó ń kánjú, tàbí ẹ̀rọ tuntun tó ní òun lè ṣe é kíá, sọ àwọn tí kò lókìkí nínú àwọn tó kọ̀wé sí Russell di «oríṣiríṣi». Ẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ní ìlà tirẹ̀, bí ẹ ṣe fún Einstein ní tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù. Kátálọ́ọ̀gì àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe fún àkójọ yìí, èyí tí Barry Feinberg, ọmọ South Africa tó wà ní ìgbèkùn ní London, tẹ̀ jáde ní 1967, nítorí ọjà ni wọ́n ṣe ṣe é. Russell fẹ́ ta àwọn ìwé rẹ̀ kó lè rówó fún iṣẹ́ àlàáfíà àti fún ìgbìmọ̀ tó gbé ìwà ìkà ogun Vietnam yẹ̀ wò. William Ready, ọ̀gá ilé ìkówèésí McMaster, ló rà á ní 1968, Russell ṣì wà láyé, ó wà nílé rẹ̀ ní Wales, ó ṣì ń kọ lẹ́tà míì. N kò rí nǹkan tó burú níbẹ̀. Ó wù mí pàápàá pé ìwé ìfẹ́ àti ìwé ìṣirò di owó tí wọ́n fi pe àwọn alágbára lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n kátálọ́ọ̀gì ọjà ní ìwà tirẹ̀. Bí alátòmáàtì ṣe ń to èyí tó pọ́n jù sójú àwo, bẹ́ẹ̀ náà ni orúkọ ńlá máa ń wà lókè. Orúkọ ńlá ló ń mówó wá. Kátálọ́ọ̀gì tí ẹ̀yin ń ṣe láti ọjọ́ tí Kenneth Blackwell, olùtọ́jú àkọ́kọ́ àkójọ náà, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní ìwà mìíràn: kò ní ohun tó fẹ́ tà. Ìwà yẹn ni kí ẹ má jẹ́ kó bọ́.

Mo mọ̀ pé ẹ mọ ìtàn Brixton jù mí lọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún àwọn ará ilé, torí kò sí ibòmíràn tó fi hàn tó bẹ́ẹ̀ pé iṣẹ́ kátálọ́ọ̀gì kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tó ń tòògbé. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1918, Russell wọ ẹ̀wọ̀n Brixton ní London nítorí ohun tó kọ sínú ìwé ìròyìn àwọn tó ta ko ogun. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n dá fún un, ó sì jáde ní oṣù Kẹsàn-án. Ọ̀gá ẹ̀wọ̀n ló ń ka lẹ́tà rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e jáde. Bẹ́ẹ̀, ọkàn Russell wà lọ́dọ̀ obìnrin kan, òṣèré orí ìtàgé tó ń jẹ́ Constance Malleson, tí àwọn ọ̀rẹ́ ń pè ní Colette. Báwo ni yóò ṣe kọ̀wé ìfẹ́ tí ọ̀gá ẹ̀wọ̀n yóò fojú ara rẹ̀ kà? Ó ní ìwé ìtàn ìgbà tí àwọn ará Faransé dìde sí ọba wọn lòun ń kà, pé òun rí lẹ́tà tí Buzot, ọ̀kan nínú àwọn olóṣèlú ìgbà náà, kọ sí Madame Roland, òun sì dà á kọ. Irọ́ funfun báláú. Òun fúnra rẹ̀ ló jókòó tó hun ún lédè Faransé. Ọ̀gá ẹ̀wọ̀n kà á, kò rí nǹkan kan níbẹ̀ ju ìtàn àtijọ́ lọ.

Nígbà tó yá, ó rí ọgbọ́n mìíràn. Ìwé ìgbà náà, wọn kì í gé etí gbogbo ojú ewé rẹ̀ tán kí wọ́n tó tà á, ojú ewé méjì lè so mọ́ra wọn bí àpò. Inú irú àpò bẹ́ẹ̀ ló ń ki lẹ́tà sí. Kò lè ṣàlàyé rẹ̀ lójú wọ́dà, torí náà nígbà tí Lady Ottoline Morrell, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, wá kí i, ó fún un ní ìwé ẹgbẹ́ onímọ̀ ìṣirò ti London, ó ní ìwé náà dùn ju bó ṣe rí lójú lọ. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ẹ wá rò ó wò: ká ní ẹni tó ń kánjú ló kan lẹ́tà Faransé yẹn lórí tábìlì. «Buzot sí Madame Roland, àdàkọ, ẹni tó kọ ọ́ kò yéni.» Ó ti parí nìyẹn. Ẹni tó ń wá Colette kò ní í kàn án láéláé, ẹni tó sì ń wá Buzot yóò gba irọ́ gbọ́. Àṣìṣe òpìtàn kan nínú ìwé rẹ̀, òpìtàn mìíràn lè tún un ṣe. Àṣìṣe inú kátálọ́ọ̀gì kò rọrùn bẹ́ẹ̀, torí ẹni tí yóò tún un ṣe kò ní í mọ ibi tí lẹ́tà náà wà.

Ohun mìíràn wà tí kátálọ́ọ̀gì alálẹ́tà-kọ̀ọ̀kan ń ṣe, tí mo fẹ́ràn gidigidi. Ó ń jẹ́ kí ọjọ́ méjì tó jìnnà síra wọn ríra. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà ọdún 1902, Russell, ẹni ọdún 30, kọ̀wé sí Gottlob Frege, onímọ̀ ìṣirò kan ní Jámánì, pé òun ti rí ibì kan nínú iṣẹ́ rẹ̀ tí ọ̀rọ̀ ti ń ta ko ara rẹ̀. Iṣẹ́ ayé Frege ni, apá kejì ìwé náà sì ti wà lọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé. Frege dáhùn kí ọ̀sẹ̀ tó yí po. Kò bínú, kò sá. Ó ní ọ̀rọ̀ náà dá jìnnìjìnnì bo òun, ó sì ṣeé ṣe kó mú ìlọsíwájú ńlá wá. Ọgọ́ta ọdún kọjá. Ọ̀mọ̀wé kan tó ń jẹ́ Jean van Heijenoort fẹ́ tẹ lẹ́tà méjèèjì jáde, ó kọ̀wé sí Russell láti gba àṣẹ. Èsì Russell wá ní ọjọ́ 23 oṣù Kọkànlá ọdún 1962: ó ní nínú gbogbo ohun tí òun mọ̀ nípa ìwà òtítọ́, òun kò rí èyí tó tó ti Frege.

Ẹ wo ọjọ́ yẹn dáadáa. Ní oṣù tó ṣáájú rẹ̀, oṣù Kẹwàá ọdún 1962, Amẹ́ríkà àti Soviet ń fi bọ́ǹbù halẹ̀ mọ́ra wọn nítorí ohun ìjà tí Soviet kó lọ sí Kúbà, Russell sì ń tẹ wáyà sí Kennedy, ààrẹ Amẹ́ríkà, àti Khrushchev, olórí Soviet, láti Wales. Khrushchev dá a lóhùn ní gbangba. Kennedy náà dáhùn, ó ní kí Russell kọjú sí àwọn olè, kó fi ẹni tó mú olè sílẹ̀. Ẹni 90 ọdún yìí kan náà, ìka kan náà, lẹ́yìn oṣù kan, ló jókòó láti yin òkú ará Jámánì kan lórí ọ̀rọ̀ ìṣirò. Àwọn tó ń kọ ìwé nípa ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò kì í sábà rántí Kúbà, àwọn tó ń kọ nípa Kúbà kò mọ Frege. Inú kátálọ́ọ̀gì tí wọ́n to sórí ọjọ́ ni àwọn méjèèjì ti ń jókòó ti ara wọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè wọ́n.

Ó dáa. Ṣùgbọ́n Frege, Kennedy, Khrushchev, orúkọ ńlá náà ni gbogbo wọn, àbí? Bí ẹ bá gbàgbé wọn, ẹlòmíràn yóò rántí. Wáyà Kennedy kò lè sọnù. Ta ni yóò rántí olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ tó kọ̀wé lọ́jọ́ yẹn gan-an pé àwọn ọmọ inú kíláàsì òun kò lè sùn? Ta ni yóò rántí ẹni tó kọ̀wé láti fi bú u? Feinberg àti Ronnie Kasrils, ẹni tó di mínísítà ní South Africa lẹ́yìn náà, ṣa díẹ̀ jọ sínú ìwé ní 1969, lẹ́tà tí àwọn ará ìlú kọ sí Russell láti 1950 wá àti èsì tó fún wọn. Ìṣàjọ ni. Ìṣàjọ kò lè dípò àkójọ, nítorí ẹni tó ṣà á ti bá wa yan èyí tó dùn.

Ohun tí mo rò ni pé àwọn wọ̀nyí gan-an ni ìjà àlàáfíà náà. Ìkéde lórí ewu bọ́ǹbù átọ́míìkì tí Russell kà jáde ní London ní ọjọ́ 9 oṣù Keje ọdún 1955, ènìyàn mọ́kànlá ló buwọ́ lù ú, onímọ̀ ńlá ni wọ́n. Einstein wà níbẹ̀. Ọjọ́ díẹ̀ ló kù kó kú nígbà tó buwọ́ lù ú, inú bàálù ni Russell ti gbọ́ ikú rẹ̀, ó dé Paris ló tó bá lẹ́tà ìbuwọ́lù náà tó ń dúró dè é. Ìtàn náà dùn, a ti sọ ọ́ títí. Àmọ́ onímọ̀ mọ́kànlá kò lè kún òpópónà. Nígbà tí Ìgbìmọ̀ Ọgọ́rùn-ún, ẹgbẹ́ Russell tó ń ta ko bọ́ǹbù náà, pe àwọn ènìyàn láti wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní London ní 1961, tí wọ́n tún sọ Russell sẹ́wọ̀n ọ̀sẹ̀ kan ní Brixton náà lẹ́ni ọdún 89, tí wọ́n sọ Edith ìyàwó rẹ̀ náà sẹ́wọ̀n, àwọn tó wá jókòó ti òpópónà náà kì í ṣe ẹlẹ́bùn Nobel. Wọ́n jẹ́ akọ̀wé báńkì, ọmọ yunifásítì, ìyá ọlọ́mọ. Lẹ́tà wọn ló lè sọ ohun tó gbé wọn jáde nílé.

Àwa Yorùbá mọ èrè irú iṣẹ́ yìí. Púpọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ nípa Abẹ́òkúta, Ìbàdàn àti Ìjàyè ní nǹkan bí 150 ọdún sẹ́yìn, inú lẹ́tà àti àkọsílẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ C.M.S. ni àwọn òpìtàn wa ti wà á jáde, Birmingham ni ìwé náà wà lónìí. Bíṣọ́ọ̀bù Crowther lókìkí, kò sẹ́ni tí yóò gbàgbé tirẹ̀. Ṣùgbọ́n katikíìsì tí kò lókìkí, tó jókòó sí abúlé tó ń kọ iye owó iṣu àti ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú, nígbà míì tirẹ̀ ló wúlò jù. Ká ní ẹni tó to ìwé náà ti kọ «katikíìsì oríṣiríṣi» sára páálí kan, à bá ti pàdánù púpọ̀.

Ìdí kan tún wà tí ọ̀rọ̀ yín fi kàn wá nílé níbí. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 1960, Faransé yin bọ́ǹbù átọ́míìkì àkọ́kọ́ wọn ní Reggane, ní aṣálẹ̀ Sàhárà. Àsìkò ọyẹ́ ni. Ẹni tó bá dàgbà ní ilẹ̀ wa mọ ibi tí eruku ọyẹ́ ti ń wá. Ní ìparí 1959, ẹgbẹ́ kan ti gbéra láti Accra láti lọ dí wọn lọ́nà, àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì Michael Scott wà níbẹ̀, Bayard Rustin láti Amẹ́ríkà wà níbẹ̀, ọmọ Ghana àti ọmọ Nàìjíríà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn Faransé kò jẹ́ kí wọ́n dé ibi tí wọ́n ń lọ. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Scott yìí kan náà àti Russell dá Ìgbìmọ̀ Ọgọ́rùn-ún sílẹ̀. Nígbà tí Faransé yin ẹlẹ́ẹ̀kẹta, Nàìjíríà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira lé aṣojú wọn lọ ní oṣù kìíní ọdún 1961. Nítorí náà, tí mo bá ní kí ẹ máa kọ ibi tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ti wá sílẹ̀, ìlú àti ojúlé, láìṣe orílẹ̀-èdè nìkan, ohun tí mo ń rò ni ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan tí yóò jókòó ní Ilé-Ifẹ̀ tàbí Kumasi lọ́jọ́ kan, tí yóò tẹ «1960» àti orúkọ ìlú rẹ̀, tí yóò fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnì kan láti ibẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí ó bá sì jẹ́ orúkọ ilẹ̀ wa ló wà nísàlẹ̀ lẹ́tà náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ bí ẹni náà ṣe kọ ọ́, kí ẹ má fi orúkọ àbísọ ṣe orúkọ ìdílé. Ẹ lè béèrè. A wà níbí.

Ọ̀rọ̀ Ralph Schoenman kò ṣeé fò. Ọ̀dọ́mọkùnrin ará Amẹ́ríkà yìí dé ọ̀dọ̀ Russell ní 1960, ó di akọ̀wé rẹ̀, nígbà tó sì yá, àwọn ènìyàn ń sọ pé òun ló ń kọ lẹ́tà tí Russell ń buwọ́ lù. Russell fúnra rẹ̀ kọ ìwé gígùn kan ní oṣù Kejìlá ọdún 1969 láti yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú ọ̀rọ̀ Schoenman, ó sì kú ní oṣù méjì lẹ́yìn rẹ̀. Títí di òní, àwọn kan ń fi èyí sọ pé kò sí ohun kan nínú ìjà ọdún 1960 sókè tó jẹ́ ti Russell. Àríyànjiyàn ẹnu kò lè yanjú rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ lè yanjú rẹ̀, lẹ́tà kan lẹ́ẹ̀kan: èyí, Russell ló fọwọ́ kọ ọ́, èyí, ó pè é, akọ̀wé tẹ̀ ẹ́, èyí, ẹ̀dà kábọ́ọ̀nù ni, kò sí ìbuwọ́lù, èyí, ọwọ́ ẹlòmíràn ló tún un ṣe. Ibi tí kò bá dá yín lójú, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò dá yín lójú. Mo ti rí kátálọ́ọ̀gì tó ń tijú láti fi àmì ìbéèrè sílẹ̀. Ìtìjú yẹn ń ba iṣẹ́ jẹ́.

Ẹnì kan lè dá mi dúró níbí. Àwọn tó kọ̀wé sí Russell nípa ìgbéyàwó wọn tó dàrú, tàbí pé ayé sú wọn, ṣé wọ́n fẹ́ kí gbogbo ayé rí orúkọ wọn? Àwọn kan lára wọn ṣì lè wà láyé. Ọmọ wọn dájúdájú wà láyé. Òótọ́ ni, ó sì le. Lẹ́tà náà gan-an, òfin kò jẹ́ kí ẹ gbé e jáde bí ẹni tó kọ ọ́ tàbí àwọn ajogún rẹ̀ kò bá gbà. Ohun tí èmi rò ni pé kí orúkọ àti ọjọ́ wà, kí àṣírí má sí nínú àlàyé. «Ó béèrè ìmọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀» tó, títí ọdún yóò fi gorí ọdún. Ẹni tó bá kọ̀wé nípa bọ́ǹbù, ọ̀rọ̀ ìta gbangba ló sọ, ẹ kọ ohun tó sọ sílẹ̀. Àwọn lẹ́tà kan yóò wà láàárín méjèèjì, ẹni tó dì í lọ́wọ́ ni yóò fi ọgbọ́n orí rẹ̀ dá a. Ìdí nìyẹn tí n kò fi fẹ́ kí ẹ gbé e fún ẹ̀rọ nìkan, bó ti wù kó yára tó.

Mo mọ̀ pé owó ni gbogbo rẹ̀. Iye ọdún tí ẹ ó fi parí rẹ̀ yóò gùn, àwọn ọ̀gá yunifásítì yóò sì máa béèrè pé kí ló dé tí kò tíì tán. Ẹ ti ṣe é débi pé lẹ́tà tí kò sí lọ́dọ̀ yín pàápàá, bí èyí tí Russell kọ sí Ottoline tó wà ní Austin ní Texas, ní àkọsílẹ̀ nínú kátálọ́ọ̀gì yín. Bí ẹ bá lè ṣe èyí fún Lady Ottoline tí kò sí nínú ilé yín, ẹ lè ṣe é fún àwọn tó wà nínú páálí yín.

Ohun kan ló kù tí mo fẹ́ béèrè. BRACERS ṣí sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìgba kọ́bọ̀, ẹ ṣeun fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n dátà wọ́n níbí, iná sì ń lọ. Bí ẹ bá lè máa ṣe ẹ̀dà kan ṣoṣo tí ènìyàn lè gbà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó máa wò ó láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ fi ránṣẹ́ sí ilé ìkówèésí yunifásítì wa ní Ìbàdàn àti Ilé-Ifẹ̀. Mo gbà láti bá yín wá ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ yín níbí.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
òṣìṣẹ́ ilé ìkówèésí kan ní Ìbàdàn.